Rọ́bà Àyà Láníyọnu

Ilẹ̀kùn kọ̀, kò ṣí fún Ṣùbúọlá.

"Ẹ tún ọwọ́ òsì fọ̀," ni ohùn inú ògiri wí. "Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò yín kò tíì mọ́."

Ṣùbúọlá fi àpò oúnjẹ tó lọ gbà ní èbúté kọ́ ara ìwọ̀, ó tún ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ omi. Ó ra àtàǹpàkò, ó ra àárín ìka, ó ra ọrùn ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ lọ́jọ́ tó búra láti di olùṣọ́ rọ́bà. Ní gbogbo Àgọ́ Orí-Omi, ilẹ̀kùn ilé mìíràn lè ṣí fún olè, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bá ti ki rọ́bà bọ iṣan ènìyàn, ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í ṣí fún ọwọ́ ìdọ̀tí. Èyí ti mọ́ ọn lára. Ohun tí kò mọ́ ọn lára ni wúyẹ́wúyẹ́ tó ń gbọ́ láti inú yàrá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ Màmá kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí Màmá bá ń kí aládùúgbò káàárọ̀, àwọn apẹja tó wà láàárín ọ̀sà á dáhùn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Òórùn ògì ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, àyà rẹ̀ sì já.

Láti ọjọ́ tí irin ti já lu ọkọ rẹ̀ níkùn níbi tí wọ́n ti ń mọ ògiri òkun, tí àwọn dókítà sì gé èyí tó pọ̀ jù nínú ìfun rẹ̀ dànù, oúnjẹ kankan kò gba ẹnu Láníyọnu kọjá mọ́. Inú iṣan ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà wọlé, oúnjẹ olómi tó funfun bíi wàrà. Ṣùbúọlá fúnra rẹ̀ kì í dáná sínú ilé. Orí afárá pákó lẹ́yìnkùlé ló ti ń jẹun tirẹ̀, kí òórùn ọbẹ̀ má baà dá ọkọ rẹ̀ lóró.

Ó sáré wọ yàrá. Láníyọnu fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ ń sá kiri bí ojú ọmọ tó jẹ̀bi. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Alóre, ẹ̀rọ tí ìjọba gbé síbi orí ibùsùn láti máa ṣọ́ ọkùnrin náà tọ̀sán-tòru, dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹnìkan ti wé gèlè mọ́ ọn lójú.

"Màmá, ẹ káàsán o." Orúnkún Ṣùbúọlá kan ilẹ̀ kó tó mọ̀. "Màmá, ta ló fi gèlè bo Alóre?"

"Ó ń wò mí," ni Màmá wí. "Láti ìgbà tí mo ti Ẹ̀rúwà dé ló ti ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ jí ọmọ rẹ̀ gbé. Èmi ni mo bí ọmọ yìí, kì í ṣe òun."

Ojú Ṣùbúọlá ti bọ́ sí àyà ọkọ rẹ̀. Lábẹ́ eegun èjìká ọ̀tún ni rọ́bà tín-ín-rín náà ti wọ awọ ara, ó gba inú iṣan ńlá lọ títí dé ẹnu ọ̀nà ọkàn. Pílásítà kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ló bo ojú ibi tó ti wọlé. Pílásítà yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra yí po. Ní báyìí, etí rẹ̀ kan ti ká sókè. Omi funfun kan dúró sábẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ dà sí i lára?"

"Ìyá Ìbídùn, fara balẹ̀ ná," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Baba Ìbídùn, mo ní kí ló dà sí yín lára?"

Màmá mú ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú. Abọ́ kékeré ló wà níbẹ̀, ìyókù ògì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. "Ṣíbí kan, ṣíbí méjì ni mo ń fún un. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń rí i tó ń wo ẹnu mi bí mo bá ń jẹun. Ìyá wo ló lè fara da ìyẹn? Lónìí, mo sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa á lẹ́rìn-ín, ikọ́ gbé e, abọ́ dànù. Mo sáré fi etí ìró mi nù ún."

"Ìró yín."

"Ó mọ́! Àná ni mo fọ̀ ọ́."

Ṣùbúọlá fara ti ògiri. Òfin Iṣan tí ó búra lé lórí kò fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n: bí pílásítà bá tutù, bí ó bá ká, olùṣọ́ rọ́bà gbọ́dọ̀ sọ fún Alóre lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá bá a sọ, Alóre kì í fetí sí i; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ fún un, Ọkọ̀ Funfun á gbéra láti Erékùṣù, níbi tí ilé ìwòsàn wà. Ìyàwó Alàgbà Ògúndàre, tó ń gbé ní afárá kejì, wọ Ọkọ̀ Funfun lákòókò òjò tó kọjá. Àpò tí wọ́n fi iná lẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi kó ẹrù rẹ̀ padà wálé, òun kò bá a wá.

"Ṣebí oògùn wà," ni Màmá wí. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí egbò bá ti fẹ́ ṣe ọ̀yún, ìyá mi á ra kápúsù kan wá, pupa òun yẹ́lò. Ọjọ́ kejì, mo ti ń ṣeré kiri."

"Màmá, kápúsù yẹn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Kòkòrò ń fi í jẹun ni báyìí. Ẹyọ oògùn kan ṣoṣo ló kù tó lè pa wọ́n, Àṣẹ́kù, Erékùṣù ló sì wà. Àwọn ni wọ́n ń pinnu ẹni tó máa kàn."

Lábẹ́ gèlè, ohùn kan jáde, ohùn obìnrin tó ń sọ Yorùbá geere bí ẹni tí kò bínú rí láyé rẹ̀.

"Ìyá Ìbídùn, ẹ kú àbọ̀. N kò ríran. Ṣé àlàáfíà ni?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Láníyọnu mi orí díẹ̀díẹ̀: rárá.

"Àlàáfíà ni," ni Ṣùbúọlá wí. "Aṣọ ló bò ọ́ lójú. Mò ń bọ̀ wá ṣí i."

"Ẹ ṣeun. Ẹ kò tíì dá mi lóhùn láti àárọ̀. Ṣé rọ́bà náà ṣì wúlò lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, bó ti máa ń wí lójoojúmọ́, kò tilẹ̀ ronú sí i.

Ó pinnu pé òun á tún un ṣe fúnra òun. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, ó fún Màmá àti Láníyọnu ní tiwọn. Ó tún ọwọ́ fọ̀, ó tú aṣọ mímọ́ sórí tábìlì kékeré, ó fi ìbọ̀wọ́ bọ ọwọ́. Ó yọ pílásítà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń tẹ awọ ara mọ́lẹ̀ bó ti ń bó o kúrò kí rọ́bà má baà fà. Ó sọ ọ́ nù, ó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ sí tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ló wo ojú ibẹ̀.

Ó pọ́n. Kò pọ́n púpọ̀, ó kàn pọ́n bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Láníyọnu fa ara sẹ́yìn.

"Ó dùn yín?"

"Díẹ̀ ni."

"Láti ìgbà wo?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ń wo àjà. Màmá ló dáhùn. "Ìyàwó mi, má bínú. Lónìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan ṣáájú ọjọ́ ìsinmi tí mo fi gèlè bo ẹ̀rọ yìí, ó ti dànù sí i lára rí. Mo fi ìka tẹ etí pílásítà padà. Ó sì lẹ̀."

Ṣùbúọlá rántí. Ó ti rí etí pílásítà yẹn tó rún jọ. Ó ti rò pé òógùn ló fà á, ó sì ti sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ọjọ́ tí wọ́n ní kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Ó rẹ òwú sínú omi apakòkòrò, ó fi nu ojú ibẹ̀ lọ, ó fi nù ún bọ̀, ó sì dúró kó gbẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, wọn kò sì gbọdọ̀ fi aṣọ nù ún. Ó lẹ pílásítà tuntun mọ́ ọn. Iṣẹ́ náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀ díẹ̀. Ó fi òwú onísípíríìtì fọ ẹnu rọ́bà títí ó fi dá a lójú, ó gbé síríǹjì omi oníyọ̀ lé e, ó sì ti omi náà wọlé kó lè gbé oúnjẹ kọ́.

Kò pẹ́ rárá. Ó ṣì ń tú okùn àpò oúnjẹ nígbà tí ibùsùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Eyín Láníyọnu ló ń gbá ara wọn. Ó ká orúnkún mọ́ àyà, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé àgbàdo nínú ìjì. Ètè rẹ̀ dúdú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ń já sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Òtú... òtútù... Ìyá Ìbídùn, da aṣọ bò mí."

"Yé, Àlàó mi!" Màmá fi ara lé e, ó ń gbìyànjú láti fi ìwúwo ara dá a dúró.

Ṣùbúọlá dúró síbẹ̀, àpò oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ara ọkọ rẹ̀ dá ṣáká nígbà tó wọlé. Omi tí òun tì wọlé yìí ló gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì báyìí. A jẹ́ pé kòkòrò ti wọ inú rọ́bà, ó ti tẹ́ ibùsùn síbẹ̀, ohunkóhun tí òun bá sì tún tì wọlé, òun ni yóò gbé e lọ bá ọkàn. Bí òun bá gbé oúnjẹ kọ́, òun pa á. Bí òun kò bá gbé e kọ́, ebi á pa á.

"Má pè wọ́n," ni Láníyọnu wí láàárín eyín. "Mo bẹ̀ ọ́. Á kọjá lọ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi àpò kó mi padà wá fún ọ ni?"

"Ìyá Ìbídùn," ni Alóre wí lábẹ́ gèlè, "mò ń gbọ́ ìró kan tí n kò mọ̀. Ṣé ẹnìkan ń kan nǹkan mọ́ ògiri ni?"

Màmá di Ṣùbúọlá lọ́wọ́ mú, ó di í mú le. "Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi, nítorí Ọlọ́run, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á mú un lọ. Wọ́n á mú èmi náà. Kí n tó mọ̀, mo ti sìnkú ọmọ mi."

Ẹ̀rù méjì di Ṣùbúọlá mú lápá méjèèjì. Bó bá wo ti Erékùṣù, ó rí ìyàwó Alàgbà Ògúndàre tó ń juwọ́ sí wọn láti inú ọkọ̀. Bó bá wo ti ibùsùn, ó rí ọkọ rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń yí. Kò mọ èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì. Ohun tó mọ̀ ni pé ọ̀kan wà lókèèrè, èkejì sì ti wọlé, ó ti dé inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ lọ́wọ́ Màmá. Ó gbá gèlè náà mú, ó sì fà á já bọ́.

Ojú Alóre tàn. Ó wo ibùsùn, ó wo abọ́, ó wo Màmá.

"Mo parọ́ fún ọ," ni Ṣùbúọlá wí. "Pílásítà tutù. Ó ti tutù rí ṣáájú. Ojú ibẹ̀ pọ́n, mo ti omi sínú rọ́bà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pè wọ́n."

"Mo ti pè wọ́n," ni Alóre wí. "Ẹ má gbé oúnjẹ kọ́. Ẹ má ti ohunkóhun wọlé mọ́."

Láníyọnu kọjú sí ògiri.

Ọkọ̀ Funfun kì í dún. Òjìji rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí lójú fèrèsé. Ní gbogbo afárá, àwọn ènìyàn ń ti ilẹ̀kùn wọn pa, gbà, gbà, gbà. Obìnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀, aṣọ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ilẹ̀kùn dá òun náà dúró, ó ní kó tún ọwọ́ fọ̀, ó sì fọ̀ ọ́ láìjiyàn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé," ló wí. "Kúforíjì ni orúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ta ló fọwọ́ kan rọ́bà?"

Màmá dìde dúró. Ó tún ìró rẹ̀ ró bí ẹni tó fẹ́ lọ sójú agbo. "Èmi ni. Ìyàwó mi kò sí nílé. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa mú ènìyàn, èmi ni kí ẹ mú. Mo ti dàgbà, mo ti jẹun yó."

"Màmá, ẹ jókòó. N kò wá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ni mo wá gbà."

Ó gba ẹ̀jẹ̀ láti inú rọ́bà, ó sì gba òmíràn láti apá òsì Láníyọnu, ó dà wọ́n sínú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Bí kòkòrò bá yára hù nínú ẹ̀jẹ̀ ti rọ́bà ju ti apá lọ, a ó mọ̀ pé inú rọ́bà ló kọ́lé sí. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró de ìyẹn. Rọ́bà yìí máa jáde báyìí."

"Kí ló máa wá jẹ?" ni Ṣùbúọlá béèrè. "Nọ́ọ̀sì, òun nìkan ni ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀."

"A lè ki òmíràn sí i ní Erékùṣù, bó bá pọn dandan." Ojú nọ́ọ̀sì bọ́ sórí abọ́. "Kí ló wà nínú eléyìí?"

Màmá gbé abọ́ náà sún mọ́ ọn. "Ògì."

"Ó bì í?"

"Rárá."

"Inú run ún?"

"Inú rẹ̀ dùn ni."

Nọ́ọ̀sì Kúforíjì dúró. Ó bi Láníyọnu fúnra rẹ̀, Láníyọnu sì mi orí láàárín ìgbọ̀nrìrì: kò bì, inú kò run ún, kò yàgbẹ́ gbuuru. Obìnrin náà yíjú sí Alóre. "Ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn bóyá ó ti lè fi ẹnu jẹun?"

"Wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò," ni Alóre wí. "Olùṣọ́ rọ́bà ń sọ fún mi ní àràárọ̀ pé rọ́bà ṣì wúlò. N kò rí ìdí láti béèrè."

Ooru gba ojú Ṣùbúọlá. Nọ́ọ̀sì kò pariwo mọ́ ọn. Ó kàn béèrè ni. "Kí ló ń mú yín dáhùn bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rù," ni Ṣùbúọlá wí. "Mo rò pé bí mo bá sọ pé n kò mọ̀, wọ́n á dá oúnjẹ rẹ̀ dúró. Mo rò pé ìbéèrè yẹn dà bí ìkíni lásán. Bí wọ́n bá kí ènìyàn pé ẹ káàárọ̀, ènìyàn á dáhùn."

"Kì í ṣe ìkíni. Gbogbo ọjọ́ tí rọ́bà bá fi wà lára ènìyàn, ilẹ̀kùn kan wà ní ṣíṣí. Ìdí tí a fi ń béèrè bóyá ó ṣì wúlò nìyẹn." Ó ń tẹ́ aṣọ mímọ́ sí àyà Láníyọnu bó ti ń wí bẹ́ẹ̀. "Àwa náà jẹ̀bi. Ẹnìkan nínú wa ló yẹ kó wá wò ó, kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Bàbá, ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ibùsùn yín pẹrẹsẹ."

Ìgbà yẹn ni Ṣùbúọlá rí ìgboyà béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Ìyàwó Alàgbà Ògúndàre. Kí lẹ ṣe fún un?"

Ojú tó wà lókè ìbòmú náà rẹ̀wẹ̀sì. "Wọ́n fi aṣọ bò ó sínú ilé títí kò fi mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó pè wá. Rọ́bà ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n ṣì ń ti oúnjẹ gba inú rẹ̀. A fún un ní Àṣẹ́kù. Oògùn náà kò bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tó lè gbà là."

Láníyọnu, tó ti kọjú sí ògiri, yí orí padà wá díẹ̀díẹ̀. Ó wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ náà kò gbọdọ̀ kàn án báyìí, nítorí náà ó fi ojú dì í mú.

Nọ́ọ̀sì gé okùn tó di rọ́bà mọ́ awọ. "Ẹ fa èémí, ẹ dá a dúró, ẹ má mí títí n ó fi sọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ṣùbúọlá kò mọ̀ pé ohun tó gùn tó báyìí ló ti wà nínú ọkọ òun. Ó ń jáde, ó tún ń jáde, ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Màmá bo ojú. Nígbà tó jáde tán, nọ́ọ̀sì tẹ òwú mọ́ ojú ihò náà, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́. "Ẹ mí." Láníyọnu mí.

Wọ́n gbé e lọ. Òfin gba Ṣùbúọlá láyè láti bá a lọ, kò gba Màmá. Bí ọkọ̀ ti ń kúrò, nọ́ọ̀sì sọ fún un láìfi bò pé orúkọ rẹ̀ máa dé iwájú ìgbìmọ̀, àti pé bóyá wọn kò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan rọ́bà ẹnikẹ́ni mọ́ láyé rẹ̀. Ṣùbúọlá ní òun gbọ́. Ojú rẹ̀ wà lára ìyá arúgbó tó dá dúró lórí afárá, tí ìró rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ní Erékùṣù, ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n fi í sí. Ó ń wo oògùn náà tó ń kán sí ọkọ rẹ̀ ní iṣan apá, ìkán kan, ìkán kan, bí ẹni ń bu omi lọ́wọ́ ahun. Ibà náà lọ, ó sì padà. Láníyọnu sọ̀rọ̀ tí kò já sí nǹkan kan, ó pe orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń mọ ògiri òkun, ó ní kí wọ́n sá kúrò nísàlẹ̀ irin. Ṣùbúọlá kò lè jẹun, kò lè jókòó. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ó ń rò pé òun ni wọ́n wá sọ fún. Òfin Erékùṣù kò jẹ́ kí ohùn ẹnikẹ́ni jáde níbẹ̀ títí ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ yóò fi yanjú, nítorí náà kò sí bí Màmá ṣe lè mọ nǹkan kan. Nígbà mìíràn, ìyẹn ló ń dùn ún jù.

Ọ̀sán kan ni Nọ́ọ̀sì Kúforíjì jáde, ìbòmú kò sí lójú rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó kéré ju Ṣùbúọlá lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní àpá ìbòmú.

"Ti inú rọ́bà ló kọ́kọ́ hù," ló wí. "Inú rọ́bà ni wọ́n wà. Èyí tí a gbà lẹ́yìn tí a yọ ọ́, kò hu nǹkan kan mọ́ títí di òní. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti lè fi ẹnu jẹun. A máa dúró díẹ̀ sí i kí a tó ní ó tán, ṣùgbọ́n ẹ lè lọ sọ fún ìyá rẹ̀."

Ṣùbúọlá wo inú gíláàsì. Láníyọnu jókòó lórí ibùsùn, ó rù kan eegun, ó ń bá ẹni tó gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn, ó ń nawọ́ sí abọ́ náà.

Nígbà tí ọkọ̀ padà dé èbúté Àgọ́ Orí-Omi, Màmá wà níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, níbẹ̀ ló ń jókòó sí ní ojoojúmọ́. Ó rí Ṣùbúọlá tó dá nìkan sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó rí omijé lójú rẹ̀, ó sì rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó ń jáde níbẹ̀.

Màmá jókòó lulẹ̀ lórí pákó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń pe ẹni tó ti lọ. "Àlàó! Àlàó, o kò dúró dè mí! Àlàó tí mo pọ̀n, tí kò sọkún..."

Ṣùbúọlá wólẹ̀ tì í, ó di èjìká rẹ̀ mú, ó mì í.

"Màmá. Màmá, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́. Ó wà láàyè."

Ìyá arúgbó náà dákẹ́ lójijì, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ó ń wo ètè ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí etí rẹ̀ di.

"Ó wà láàyè," ni Ṣùbúọlá tún wí, ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ebi ń pa á. Ó ní oúnjẹ Erékùṣù kò dùn. Ó ní kí n bi yín pé kí lẹ sè."